Ṣọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ́ mọ́ṣáláṣí rí: ìrírí mi ní Siracusa

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Siracusa ní Ítálì, iwájú Duomo, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà, ni wọ́n máa ń gbé e lọ kó tó mu omi. Mi ò bá wọn jà. Iwájú ibẹ̀ dára lóòótọ́: òpó gìrìwò nísàlẹ̀, òpó gìrìwò lókè, ère àwọn ẹni mímọ́ láàárín wọn, òkúta tí wọ́n gbẹ́ tó ń yí kọ́lọkọ̀lọ. Ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí, nítorí náà tí oòrùn bá ti ń wọ̀, gbogbo rẹ̀ á pọ́n fòò. Àwọn àlejò á ya fọ́tò, wọ́n á lá áísìkirimù wọn tán, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ni pé iwájú yẹn ni àbíkẹ́yìn ilé náà. Ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti lé ní 2,000 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ òkúta àkọ́kọ́ fún un.

Èmi náà ì bá máà mọ̀ bí kì í bá ṣe ti iṣẹ́ tí mo ń ṣe nígbà yẹn. Badante ni wọ́n ń pe irú wa ní Ítálì, àwa tí a ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn. A ó wẹ̀ fún wọn, a ó se oúnjẹ, a ó fún wọn lóògùn lásìkò, a ó tì wọ́n jáde kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn lára. Màmá tí mo tọ́jú ń gbé ní Ortigia, erékùṣù kékeré tó jẹ́ ìlú àtijọ́ Siracusa, tí afárá so mọ́ ìyókù ìlú ní etíkun ìlà-oòrùn Sísílì. Signora ni mo máa ń pè wọ́n. Àwọn náà á pè mí ní "figlia", ọmọ mi, tí inú wọn bá dùn. Tí inú wọn ò bá dùn, orúkọ mi gan-an ni wọ́n máa ń pè, wọ́n á sì pè é kó gún régé. Ẹsẹ̀ wọn ò ṣe dáadáa mọ́, àga onítáyà ni mo fi ń tì wọ́n kiri. Ohun kan tí wọn kì í pa jẹ ni Máàsì ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Wọn kì í sábà fẹ́ kí n gba àárín ojúde ńlá. Òkúta tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ máa ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀, àwọn àlejò sì máa ń dí ọ̀nà. Via Minerva ni Màmá ń fẹ́, ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ àríwá ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Níbẹ̀ ni àwọn òpó ti yọ jáde lára ògiri, ìdajì wọn nínú, ìdajì wọn níta. Wọ́n ga ju mítà 8 lọ, ìsàlẹ̀ wọn sì fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 2. Àwọn kan nínú wọn ti tẹ̀ díẹ̀, wọn ò tò gún mọ́. Ìmìtìtì ilẹ̀ ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Màmá á ní kí n sún mọ́ ọn, wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á fi kan òpó kan tí wọ́n yàn láàyò, a ó sì máa lọ.

Mo bi wọ́n pé kí ni òpó ń wá nínú ògiri.

Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ pé òpó ló wọ inú ògiri? Òpó ló kọ́kọ́ wà. Ògiri ló wá bá a níbẹ̀."

Àwọn Gíríìkì tó ti Kọ́ríńtì wá ló tẹ Siracusa dó, ní nǹkan bí ọdún 734 ṣáájú ìbí Jésù. Ní ọdún 480 ṣáájú ìbí Jésù, Gelon tó ń ṣàkóso ìlú náà ṣẹ́gun àwọn ará Carthage, ìlú kan ní Àríwá Áfíríkà, ní Himera ní Sísílì, ó sì kọ́ tẹ́ńpìlì fún Athena, òrìṣà wọn obìnrin. Òpó 6 níwájú, òpó 14 ní ẹ̀gbẹ́. Wúrà àti eyín erin ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ohun tó jẹ́ kí a mọ èyí ni pé olè jà á. Gómìnà kan tí Róòmù rán wá sí Sísílì, Verres, kó ọ̀ṣọ́ ilẹ̀kùn yẹn lọ, ó kó àwòrán tó wà lára ògiri mọ́ ọn, Cicero sì bá a ṣẹjọ́ ní ọdún 70 ṣáájú ìbí Jésù. Inú ìwé ẹjọ́ yẹn ni a ti rí bí tẹ́ńpìlì náà ṣe lẹ́wà tó. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Gómìnà tó kó ohun ìní ìlú lọ, lọ́yà tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ilé ẹjọ́ tó kún fọ́fọ́: ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá kò nílò ògbufọ̀ fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ ni pé Verres kò dúró gbọ́ ìdájọ́, ó sá kúrò nílùú.

Àwọn tó ń ka Bíbélì á rántí pé Pọ́ọ̀lù dé Siracusa. Ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 28: ọjọ́ 3 ló lò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí Róòmù. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn wọ èbúté, tẹ́ńpìlì Athena ti lé ní 500 ọdún lórí òkè. Mo sọ èyí fún pásítọ̀ wa kan tó wá kí wa láti Catania, kò gbà mí gbọ́ àfi ìgbà tí mo mú un lọ fọwọ́ kan òkúta náà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ tẹ́ńpìlì di ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ, bóyá nítorí pé ọmọ bíríkìlà ni mí. Tẹ́ńpìlì àwọn Gíríìkì kì í ṣe ilé tí ìjọ ń jókòó sí. Ìta ni èrò máa ń wà. Yàrá kan ló wà láàárín tí ère òrìṣà dúró sí, òpó sì yí yàrá náà ká. Ṣọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀, inú ni èrò ń wọ̀. Nítorí náà, ní ọ̀rúndún keje, nígbà ayé Bíṣọ́ọ̀bù Zosimo, wọ́n fi òkúta dí àárín òpó kan sí èkejì, ohun tó jẹ́ ìta sì di inú ilé. Wọ́n wá kọjú sí ògiri yàrá òrìṣà, wọ́n gé ẹnu ọ̀nà 8 tí orí wọn ṣe roboto sí apá ọ̀tún, 8 sí apá òsì, kí èèyàn lè rìn gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n tún yí ojú ilé padà. Ìlà-oòrùn ni tẹ́ńpìlì kọjú sí. Ìlà-oòrùn ni wọ́n wá gbé pẹpẹ sí, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó bá ń gba iwájú wọlé lónìí, ẹ̀yìnkùlé Athena ló ń gbà wọlé.

Bàbá mi fi kànǹkéré àti ọwọ́ ìrẹ́lé tọ́ wa ní Èkó. Wọ́n máa ń sọ pé àtiwó ilé kò le, àtitún ilé ṣe nígbà tí èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀ ni iṣẹ́. Mo máa ń rántí wọn tí mo bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá tí fadá ń wàásù tí n kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Èmi á máa ka àwọn ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹni tó gé ihò 16 sára ògiri tó gbé òrùlé ró, tí òrùlé ò sì já lé e lórí, ọ̀gá ni.

Ní 878, lẹ́yìn ìdótì tó pẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn Mùsùlùmí tó ti Àríwá Áfíríkà wá gba Siracusa. Ṣọ́ọ̀ṣì di mọ́ṣáláṣí, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí 200 ọdún, títí àwọn Norman, jagunjagun Kristẹni tó ti ilẹ̀ Faransé wá, fi gba ìlú tí wọ́n sì dá a padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi ojú wá àmì mọ́ṣáláṣí yẹn nínú ilé náà. Ti àwọn Gíríìkì hàn gbangba. Ti àwọn Norman hàn lókè ògiri Via Minerva, níbi tí wọ́n ti ṣe orí ògiri ní eyín-eyín bíi ti odi ogun. Ti àwọn Mùsùlùmí ni n kò rí. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní í purọ́. Mùsùlùmí ni bàbá mi, Àgùdà ni ìyá mi. Ilé tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà kò jìnnà sí Campos, ní Pópó Àgùdà, níbi tí ọdún Iléyá àti ọdún Kérésì ti ń jẹ nínú ìkòkò kan náà.

Ó pẹ́ kí n tó sọ fún Màmá pé Mùsùlùmí ni bàbá mi. Àwọn àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ojú wọn á yí padà. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní, "A jẹ́ pé bàbá rẹ náà ní ìpín nínú ilé yìí." Wọ́n tún ní kí n tètè máa tì wọ́n lọ, fadá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1693 ni ilẹ̀ mì ní ìlà-oòrùn Sísílì. Wọ́n fojú bu àwọn tó kú sí nǹkan bí 60,000. Catania wó. Noto wó débi pé wọ́n fi ilẹ̀ ibẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, wọ́n lọ kọ́ Noto tuntun síbòmíràn. Ní Siracusa, iwájú Duomo tí àwọn Norman kọ́ bàjẹ́, àwọn òpó Gelon sì dúró.

Ẹ bá mi wo àwọn ìlú ẹkùn yẹn, Noto, Ragusa, Modica, Catania: ọwọ́ ìkọ́lé kan náà ló wà lára gbogbo wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Baroque. Ohun gbogbo ń tẹ̀, ohun gbogbo ń yọrí, òkúta kì í dúró jẹ́ẹ́. Kì í ṣe pé àwọn ìlú náà pàdé kí wọ́n fẹnu kò. Ìgbà kan náà ni ilé gbogbo wọn wó, ìgbà kan náà ni wọ́n ń kọ́ ọ padà, ohun tó sì lóde nígbà náà ni Baroque. Ìdí nìyẹn tí ọ̀ṣọ́ yẹn kò fi jọ ṣekárími lójú mi mọ́. Andrea Palma, ará Trapani, ló ya iwájú Duomo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1728, ó di 1753 kí wọ́n tó parí. Ignazio Marabitti ló gbẹ́ àwọn ère ibẹ̀: Màríà lókè láàárín, Marciano tí wọ́n kà sí bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ìlú náà ní ọwọ́ kan, Lúsíà Mímọ́ ní ọwọ́ kejì, Pétérù àti Pọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Láti 1693 sí 1753, 60 ọdún gbáko. Ẹni tó ti dàgbà nígbà tó rí i tó ń wó, ó ṣòro kó rí ọjọ́ tó parí. Ẹni tó ń dá owó fún un mọ̀ pé ọmọ òun ló ń kọ́ ọ fún.

Ọwọ́ ìkọ́lé yẹn kò ṣàjèjì sí mi rárá. Àwọn Potogí ló gbé e dé Bahia ní Bràsíìlì. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó gba òmìnira padà dé sí Èkó àti Àjàṣẹ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n gbé e bọ̀. Òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ sórí fèrèsé, òpó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, orí ilé tó ń yí: Pópó Àgùdà kún fún un nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọn ò sì fi mọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894, Àgùdà kan tó ń jẹ́ João Baptista da Costa ló kọ́ ọ. Mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́, ní Porto-Novo, ẹni tí kò bá mọ̀ á búra pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni. Mo fi fọ́tò rẹ̀ han Màmá lórí fóònù. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà sí ojú, wọ́n ní, "Èyí ni ti Noto?" Mo ní rárá o, mọ́ṣáláṣí ni, ní Áfíríkà. Wọ́n fi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí n fi han ọmọ àwọn tó bá dé.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Ilojo Bar fi ká mi lára nígbà tí wọ́n wó o ní Tinúbú ní 2016. Ilé Àgùdà ni, láti 1855, ìjọba sì ti sọ ọ́ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti 1956. Màmá bi mí pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe. Mo ní ilẹ̀ ibẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ilẹ̀ Ortigia náà wọ́n.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé mò ń sọ pé àwọn ará Siracusa kò wó nǹkan rí. Ní ẹnu àbáwọ Ortigia, lẹ́bàá ọjà tí mo ti máa ń ra ẹja àti tòmátò, tẹ́ńpìlì mìíràn wà, ti Apollo, tó tún dàgbà ju ti Athena lọ. Ìtàn kan náà ni wọ́n jọ ní: ó di ṣọ́ọ̀ṣì, ó di mọ́ṣáláṣí, ó tún di ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà àwọn ará Sípéènì sọ ọ́ di bárékè ṣọ́jà. Ní ọ̀rúndún ogún, wọ́n ko gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ lé e lórí kúrò kí tẹ́ńpìlì lè hàn. Ohun tó hàn náà rèé: òpó díẹ̀, ògiri díẹ̀, koríko, ológbò. Wọ́n fi irin ṣọgbà yí i ká. Àwọn tó bá ní àdéhùn láti pàdé ara wọn máa ń fẹ̀yìn tì í. Tí mo bá ra ọjà tán tí mo gba ibẹ̀ kọjá, tí mo tún dé Duomo nírọ̀lẹ́, ó máa ń jọ mí lójú pé ọ̀nà méjì tí ìbejì kan gbà dàgbà ni mo ń wò.

Irú ìwẹ̀nù bẹ́ẹ̀ kan inú Duomo náà, ìjà rẹ̀ kò sì tán nínú ilé Màmá títí mo fi kúrò níbẹ̀. Kí ọ̀rúndún ogún tó dé, wọ́n ti fi ẹfun rẹ́ inú ilé náà, ọ̀ṣọ́ Baroque bo òpó mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, Paolo Orsi, awalẹ̀pìtàn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ mùsíọ́mù ìlú náà, hú ilẹ̀ yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Àwọn tó ń tún inú rẹ̀ ṣe sì bó ọ̀ṣọ́ Baroque kúrò kí òkúta Gíríìkì lè yọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gba iwájú wọlé fi máa ń ta gìrì díẹ̀: ẹnu ọ̀nà kún fún ijó, inú ilé ṣókùnkùn, òkúta gbẹ́ńdẹ́. Inú àwọn ilé àdúrà kéékèèké tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni Baroque kù sí jù lọ.

Ọmọ Màmá obìnrin, tó ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ìtàn, gbà pé iṣẹ́ rere ni wọ́n ṣe. Ó ní bí wọn kò bá bó o, ta ni ì bá mọ̀ pé tẹ́ńpìlì wà níbẹ̀? Màmá kò gbà. Ìyá ìyá wọn ti sọ fún wọn bí inú ibẹ̀ ṣe máa ń tàn tí wọ́n bá tan àbẹ́là. Wọ́n ní, "Àgbàlagbà ni wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ ka eegun rẹ̀." Ọmọ á ní, "Mamma, aṣọ yẹn kì í ṣe tirẹ̀." Ìyá á ní, "Ta ló wá ni ín? Àwa la rán an fún un." Ọ̀sán Àìkú ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀, lórí oúnjẹ, èmi á sì máa bu pásítà fún wọn, n kò ní í dá sí i.

Ní báyìí tí kò sí ẹni tó ń sanwó fún mi láti dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo fẹ́ràn òkúta lásán yẹn. Láti inú ni mo ti rí àwọn òpó dáadáa, bí wọn kò bá sì bó ẹfun, n kì bá rí wọn. Síbẹ̀, Màmá ló jàre. Gbogbo àwọn tó ti ni ilé yẹn ṣáájú, Zosimo, àwọn Mùsùlùmí, àwọn Norman, Palma, ohun tí wọ́n nílò ni wọ́n fi kún un, wọ́n sì lo ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn ti ọ̀rúndún ogún ló wá fẹ́ kí ilé tó ń ṣiṣẹ́ jọ ìwé ìtàn. Ti Apollo ti fi hàn wá ibi tí irú èrò yẹn ń já sí tí èèyàn bá ṣe é dé ìparí. Duomo rí ojú rere nítorí pé Máàsì ò dáwọ́ dúró níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kó wá ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ Lúsíà Mímọ́ nìyẹn, ọmọ Siracusa tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní 304, tí wọ́n ń ké pè nítorí àrùn ojú. Ère rẹ̀ tí Pietro Rizzo fi fàdákà ṣe ní 1599 wà nínú ilé àdúrà rẹ̀ ní Duomo. Wọn kì í ṣí i sílẹ̀ lójoojúmọ́. Tí ẹ bá dé ní oṣù Kẹjọ, ilẹ̀kùn ni ẹ ó bá. Lọ́jọ́ ọdún rẹ̀, àwọn ọkùnrin tó dé fìlà àwọ̀ ewé á gbé e sí èjìká, wọ́n á rù ú jáde kúrò ní Ortigia, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Borgata, níbi tí wọ́n gbà pé wọ́n ti sin ín. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni Caravaggio ya àwòrán ìsìnkú Lúsíà fún ní 1608, nígbà tó sá kúrò lẹ́wọ̀n Malta. Ère náà á wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ 20 kó tó padà wálé. Gbogbo ìlú á máa pariwo ní èdè wọn: "Sarausana jè!" Ọmọ Siracusa ni! Igbe náà ní ìbínú díẹ̀ nínú, nítorí pé òkú Lúsíà gan-an kò sí lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gágun Byzantium kan, Maniakes, gbé e lọ sí Constantinople ní ọ̀rúndún kọkànlá, àwọn ará Venice sì gbé e lọ sí tiwọn lẹ́yìn náà, kò sì padà. Ní 2004, wọ́n gbé e wá kí ilé, wọ́n tún gbé e lọ. Màmá ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn ará Venice bí ẹni pé àná ni wọ́n kó o.

Ojú Màmá fúnra wọn ti ń ṣú nígbà yẹn. Wọ́n ń gbàdúrà sí Lúsíà, wọn ò sì jẹ́ kí n gbàgbé oògùn ojú tí dókítà kọ. Lọ́jọ́ yẹn, a kì í jẹ búrẹ́dì, a kì í jẹ pásítà. Cuccìa la máa ń jẹ, àlìkámà sísè tí wọ́n po wàràkàṣì rírọ̀ mọ́. Wọ́n ní ìyàn ló dá a sílẹ̀, ọkọ̀ tó kó ọkà dé ní ọjọ́ tí ebi pa ìlú, kò sì sẹ́ni tó lè dúró lọ̀ ọ́, wọ́n sè é bẹ́ẹ̀. Èmi fi ata díẹ̀ sí tèmi lẹ́ẹ̀kan. Màmá wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀.

Ibì kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó bá wá dé, lábẹ́ ojúde náà gan-an. Ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ni, ó gba abẹ́ ojúde lọ sí apá òkun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ ni àwọn ará Ortigia ń sá sí tí bọ́ǹbù bá ń bọ̀, títí àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó fi wọ Siracusa ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1943. Ọmọ kékeré ni Màmá. Ohun tí wọ́n rántí ni òórùn: òógùn, àbẹ́là, àti ìtọ̀. Wọ́n ní àwọn obìnrin á máa ka Rosary, tí ilẹ̀ bá mì, wọ́n á sọ pé ìgbà tí Duomo bá wó ni àwọn á tó gbà pé ayé ti parẹ́. Kò wó.

Màmá ti kúrò ní Ortigia báyìí, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Èmi náà ti bọ́ sí iṣẹ́ mìíràn ní Catania. Tí ẹnìkan bá ti ilé wá, mo máa ń mú un wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Siracusa, Via Minerva la sì máa ń kọ́kọ́ gbà. Ẹ má wọ ẹ̀wù tó ń fi èjìká hàn, wọn ò ní í jẹ́ kí ẹ wọlé. Tí Máàsì bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ jókòó, ẹ má ya fọ́tò. Tí ẹ bá wọlé, apá ọ̀tún ni kí ẹ yà sí kí ẹ lè rí abọ́ omi ìsàmì, òkúta mábù láti ayé àwọn Gíríìkì tí kìnnìún idẹ kéékèèké 7 gbé ró. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ ju pẹpẹ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Alhaji, wá láti Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tó kọjá, mo sì mú wọn lọ. Ní ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì tọ́ka sí fìlà orí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí i, wọ́n ká a sápò, wọ́n sì sọ fún mi ní Yorùbá pé nígbà tí ilé yìí wà lọ́wọ́ àwọn, kò sẹ́ni tó ń bá fìlà jà níbẹ̀.